Àwọn Irinṣẹ́ Kékeré inú Kọ̀ǹpútà: Ta Ní Ń Tọ́jú Wọn?

Ẹ̀kọ́ tèmi lọ́tẹ̀ yìí dá lórí kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n ẹ má tíì ṣí ojú ìwé yìí kọjá. Àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá tí gbogbo wa jọ ń kó jọ lókè Ọya níbí ló gbé mi débẹ̀, ẹ óò sì rí i láìpẹ́.

Lórí àwọn kọ̀ǹpútà tó ń lo Linux nínú yàrá kọ̀ǹpútà wa, ẹ lè ṣí ojú dúdú kan tí kò ní àwòrán kankan, tí ẹ óò máa tẹ àṣẹ sí. Ẹ tẹ ls, yóò to orúkọ àwọn fáìlì yín síta. cp ń ṣe ẹ̀dà fáìlì, mv ń gbé e kiri, rm ń pa á rẹ́. wc ń ka ìlà àti ọ̀rọ̀, sort ń tò wọ́n, uniq ń yọ ìlà tó bá tún ara rẹ̀ wí tẹ̀léra. Irinṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀, bí abẹ́rẹ́ àti àlùmọ́gàjí nínú àpótí aránṣọ. Ohun tó so wọ́n pọ̀ ni àmì | yìí. Àwọn tó ṣe Unix ní Bell Labs l'Amẹ́ríkà ló fi í sí i ní 1973, lẹ́yìn tí Doug McIlroy ti ń sọ ọ́ tipẹ́ pé ó yẹ kí ohun tó jáde nínú ètò kan lè ṣàn tààrà wọ inú òmíràn. Tí mo bá tẹ sort oro.txt | uniq | wc -l, irinṣẹ́ mẹ́ta ti jọ ṣiṣẹ́ nìyẹn, mo sì ti mọ iye ọ̀rọ̀ tó wà nínú àkójọ wa láìka èyíkéyìí lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn tó wà lórí Linux kì í ṣe ti Bell Labs gan-an o. Richard Stallman ló kéde iṣẹ́ GNU ní 1983, pé kí ayé ní ètò kọ̀ǹpútà tí ẹnikẹ́ni lè lò, kí ó ka kóòdù rẹ̀, kí ó tún un ṣe, kí ó sì pín in fún ẹlòmíràn. Ẹ tẹ ls --version, ẹ óò rí orúkọ Stallman àti David MacKenzie nísàlẹ̀. Ẹ tẹ sort --version, ẹ óò rí Mike Haertel àti Paul Eggert. Ìdìpọ̀ mẹ́ta ni wọ́n tẹ́lẹ̀, fileutils, textutils àti shellutils, kí wọ́n tó pa wọ́n pọ̀ di coreutils ní 2003. Irinṣẹ́ inú rẹ̀ lé ní 100. Jim Meyering ti tọ́jú wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, Pádraig Brady náà sì wà lára àwọn tó ń bójú tó wọn.

Ẹ lè bi mí pé: ls tó ti ń to orúkọ fáìlì láti ọjọ́ yìí wá, kí ló tún kù tí wọ́n ń tọ́jú lára rẹ̀? Ó pọ̀ o. Tẹ́lẹ̀, ẹni tó bá láṣẹ lórí kọ̀ǹpútà tó sì ṣèèṣì tẹ rm -rf / lè pa gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ rẹ́ pátápátá. Láti 2006, rm ti GNU máa ń kọ̀, àfi tí onítọ̀hún bá dìídì fi ọ̀rọ̀ mìíràn kún un. Àtúnṣe yẹn, ta ni kò ní fẹ́ ẹ? Ṣùgbọ́n ní 2016, wọ́n mú kí ls máa fi àmì ' ' yí orúkọ tó bá ní àlàfo nínú ká, kí ènìyàn lè dá a mọ̀ pé orúkọ kan ṣoṣo ni. Àwọn kan bínú gidi. Wọ́n ní ojú àwọn ti mọ́ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ní tèmi, àtúnṣe náà dára, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ti àwọn tó ń ráhùn: ohun tí gbogbo ayé gbára lé, ìka kan tí ẹ bá gbé lára rẹ̀, ẹnì kan yóò mọ̀ ọ́n lára. Ìdí nìyẹn tí èyí tó pọ̀ nínú iṣẹ́ olùtọ́jú fi jẹ́ kí ó sọ pé rárá. Wọ́n tiẹ̀ ní àkọsílẹ̀ àwọn ohun tí ènìyàn béèrè tí wọn kò gbà. Ohun tí a bá lè fi irinṣẹ́ méjì àti àmì | ṣe, kí ló dé tí a óò tún dì í ru ẹyọ kan?

Èyí tí wọ́n bá sì gbà, kóòdù nìkan kò tó. A óò kọ ìdánwò tí yóò máa yẹ̀ ẹ́ wò títí láé, a óò kọ àlàyé rẹ̀ sínú ìwé ìlò, a óò sì kọ ọ́ sínú fáìlì NEWS kí àwọn tó ń lò ó lè mọ̀.

Láti 2013 ni àwọn mìíràn ti ń tún gbogbo irinṣẹ́ wọ̀nyí kọ ní èdè kọ̀ǹpútà tuntun tó ń jẹ́ Rust. uutils lorúkọ tiwọn. Ìdánwò GNU gan-an ni wọ́n fi ń yẹ iṣẹ́ ara wọn wò, ọgbọ́n ńlá sì ni. Ní October 2025, Ubuntu 25.10 gbé tiwọn wọlé dípò ti GNU. Kò pẹ́ rárá tí wọ́n fi rí i pé date tuntun ní àléébù kékeré kan. Tí ènìyàn bá ní kó sọ ìgbà tí wọ́n yí fáìlì kan padà gbẹ̀yìn, aago ìsinsìnyí ló ń sọ. Àléébù yìí kò jẹ́ kí àwọn kọ̀ǹpútà kan máa wá àtúnṣe fúnra wọn mọ́, títí wọ́n fi tún un ṣe. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Mi ò fi bú uutils o, iṣẹ́ wọn wù mí. Àkísà tí mo ń wí ni àwọn àtúnṣe kéékèèké tí ẹnikẹ́ni kò rántí ìdí wọn mọ́.

Ó wá kan Yorùbá. Báìtì ni kọ̀ǹpútà fi ń tọ́jú ọ̀rọ̀. Lẹ́tà tó bá bá ti Gẹ̀ẹ́sì mu gba ẹyọ kan, ọ gba mẹ́ta, àmì ohùn orí rẹ̀ gba méjì. Ẹ tẹ printf ọjọ́ | wc -c, yóò ní 9. Ẹ fi -m rọ́pò -c, ó lè ní 4. Ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ yóò ní lẹ́tà mẹ́ta ni. Kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn, ohun tí kálukú ń kà ló yàtọ̀.

Kí ló dé tí mo fi ní “ó lè”? Nítorí pé ọ̀nà méjì ló wà láti tẹ ọ. Bọ́tìnnì ìtẹ̀wé kan ń gbé e wá ní odidi, òmíràn ń gbé o wá kó tó fi ìsàlẹ̀ sí i. Lójú wa, ọ̀kan náà ni. Fún irinṣẹ́ wa, ọ̀rọ̀ méjì ni, tí wc -m yóò sì ní 6 fún ìkejì. Ibi tí àkójọ wa ti dàrú nìyí. Ọwọ́ púpọ̀ ló tẹ̀ ẹ́, uniq sì fi ọ̀rọ̀ kan náà sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Tí a bá ní kí sort lo báìtì nìkan, pẹ̀lú LC_ALL=C, ẹyẹ tí wọ́n tẹ̀ ní odidi yóò bọ́ sẹ́yìn yàrá, ẹyẹ kejì yóò jókòó sọ́dọ̀ e. Gbà yóò sì ṣáájú gígùn, bẹ́ẹ̀ g ló ń ṣáájú gb nínú álífábẹ́ẹ̀tì wa. tr tó wà lórí kọ̀ǹpútà wa tún yani lẹ́nu: ẹ ní kó sọ ẹ̀kọ́ di lẹ́tà ńlá pẹ̀lú tr a-z A-Z, ẹ̀Kọ́ ni yóò fún yín tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ ní odidi. Èyí tí wọ́n tẹ̀ ní abala-abala ló máa ń ṣe dáadáa!

Ọ̀rẹ́ mi kan ní kí á kúkú yọ gbogbo àmì kúrò kí ọkàn wa balẹ̀. Rárá o. Ọkọ ìyàwó, ọkọ́ àgbẹ̀, ọkọ̀ tí a wọ̀ wá sí ilé ìwé àti ọ̀kọ̀ ọdẹ yóò di ọ̀kan ṣoṣo, uniq yóò sì jù mẹ́ta nù láìbi wá. Àwọn ọ̀rọ̀ tí a gbọ́ lẹ́nu ìyá àgbà nígbà ìsinmi ni wọ́n jàre.

Ohun tó yẹ ni kí á kọ́kọ́ sọ gbogbo wọn di ọ̀nà ìtẹ̀wé kan. uconv ló mọ ìyẹn ṣe, inú coreutils kọ́ ló wà, inú ICU ni:

uconv -x any-nfc < oro.txt > oro2.txt

Lẹ́yìn náà, sort oro2.txt | uniq -d yóò fi àwọn tó tún ara wọn wí hàn wá. Ní ti títò a, b, d, kì í ṣe àwọn tó ń tọ́jú sort ni a óò lọ bá. sort kò mọ álífábẹ́ẹ̀tì kankan lórí. Inú glibc ló ti ń kà á, níbi tí fáìlì yo_NG wà fún Yorùbá ilẹ̀ Nàìjíríà. Ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn tí kì í ṣe tirẹ̀, wọn yóò kàn darí rẹ̀ ni.

Tí ẹ bá rí àléébù, ẹ kọ nǹkan mẹ́rin sílẹ̀: ohun tí --version sọ, àṣẹ tí ẹ tẹ̀ gan-an, ohun tó jáde, àti ohun tí ẹ retí. Ẹ mú un wá bá mi lẹ́yìn ìkàwé alẹ́ ọjọ́ Ẹtì, kí a jọ dán an wò lórí kọ̀ǹpútà kejì kí a tó kọ̀wé sí wọn.