Kí O Tó Fi Orúkọ Sínú Portal

Houston, Texas

Àníkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

   

Bàbá rẹ pè mí láti Ìbàdàn. Ó ní o fẹ́ kúrò ní ilé-ìwé tí o wà, pé ẹnìkan ti ń bá ọ sọ̀rọ̀ láti ilé-ìwé ńlá kan, àti pé kí n bá òun pàṣẹ fún ọ kí o jókòó jẹ́ẹ́. Mo ní mi ò ní pàṣẹ. Ọmọ tó ti ń dá ara rẹ̀ gbé nílùú òyìnbó kò ṣe é pàṣẹ fún lórí fóònù. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ tí mo ti ń wo básíkẹ́ẹ̀tì àwọn ilé-ìwé gíga nílẹ̀ yìí, mo sì ti rí bó ṣe ń rí fún àwọn tó ń pààrọ̀ ilé-ìwé. Iṣẹ́ tí wọ́n bá gbé lé agbábọ́ọ̀lù lọ́wọ́ níbi tó lọ ló ń sọ bí yóò ṣe rí fún un. Orúkọ ilé-ìwé kò tó nǹkan nínú rẹ̀.

Mo mọ ohun tó ń dùn ọ́. Ogójì ìṣẹ́jú ni ìdíje, ìwọ kì í sábà gbá ju mẹ́wàá lọ. Ọdún kejì rèé, ẹlòmíràn ni kóòṣì fi sí ipò tó ṣèlérí fún ọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe èyí tí à ń fi "fara dà á" pa mọ́ ọmọ lẹ́nu.

Láyé àtijọ́, agbábọ́ọ̀lù tó bá pààrọ̀ ilé-ìwé ní láti jókòó ọdún kan gbáko kí wọ́n tó jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù. Ìyẹn kì í jẹ́ kí wọ́n kánjú. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2018, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá ilé-ìwé gíga, ṣí portal, ibi tí agbábọ́ọ̀lù tó bá fẹ́ pààrọ̀ ilé-ìwé ti ń fi orúkọ sílẹ̀. Ní 2021, wọ́n gbà kí ẹni tó ń lọ fún ìgbà àkọ́kọ́ máa gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀. Ní 2024, lẹ́yìn tí àwọn ìpínlẹ̀ kan ti gbé wọn lọ sílé ẹjọ́, wọ́n ní ẹni tí ìwé rẹ̀ bá ti dára lè lọ níye ìgbà tó bá wù ú. Ọ̀nà ti ṣí báyìí. Ní 2025, àwọn ọkùnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì ní Division I, ìpele tó ga jù, tó fi orúkọ sílẹ̀ nìkan lé ní 2,000. Nígbà tí èrò bá pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà, gbogbo wọn kọ́ ni yóò dé ibi tí wọ́n ń lọ.

Mo mọ̀ pé Florida lo máa kọ́kọ́ tọ́ka sí fún mi. Lóòótọ́ ni, ní oṣù Kẹrin 2025 wọ́n na Houston tiwa níbí 65 sí 63, wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ, inú gbogbo àdúgbò wa sì bàjẹ́. Mẹ́rin nínú àwọn márùn-ún tó bẹ̀rẹ̀ eré fún wọn ló ti ilé-ìwé mìíràn wá. Ṣùgbọ́n wo ibi tí wọ́n ti wá. Walter Clayton wá láti Iona, Alijah Martin láti Florida Atlantic, Will Richard láti Belmont, Rueben Chinyelu, ọmọ Nàìjíríà bíi tìẹ, láti Washington State. Clayton ti gbá bọ́ọ̀lù dé góńgó ní Iona, òun ni wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì wọn kó tó kúrò níbẹ̀. Martin ti bá Florida Atlantic dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní 2023. Àwọn wọ̀nyí gbé iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe dání lọ. Tìrẹ kò tíì rí bẹ́ẹ̀, o ò sì ní bínú pé mo sọ ọ́.

Nínú àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, Chinyelu ni mo fẹ́ kí o wò dáadáa. Ìṣẹ́jú tó ń gbá nígbà tó wà ní Washington State kò pọ̀, bíi tìẹ. Florida kò ní kó wá máa ju bọ́ọ̀lù wọlé, àwọn tó ń ṣe ìyẹn ti pọ̀ lọ́dọ̀ wọn. Wọ́n ní kó máa gba bọ́ọ̀lù tó bá ta padà lára agbọ̀n, kó sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rọ́wọ́ mú lábẹ́ agbọ̀n wọn. Lọ́dún tí wọ́n gba ife-ẹ̀yẹ yẹn, póìǹtì mẹ́fà péré ló ń jẹ nínú ìdíje kan. Síbẹ̀ òun ló ń bẹ̀rẹ̀ eré, nítorí iṣẹ́ tí wọ́n ń wá ẹni ṣe gan-an lọwọ́ rẹ̀ mọ̀.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti Walker Kessler. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó ń gbá ní North Carolina, ilé-ìwé tí gbogbo ayé mọ̀ mọ́ básíkẹ́ẹ̀tì. Ó fi ibẹ̀ sílẹ̀ lọ sí Auburn ní 2021, ilé-ìwé tí orúkọ rẹ̀ kò tó ti North Carolina nínú eré yìí. Auburn ń wá ẹni gíga tí yóò máa gbá bọ́ọ̀lù dànù lẹ́nu agbọ̀n. Láàárín ọdún kan, ó gba àmì-ẹ̀yẹ ẹni tó mọ ẹ̀yìn ṣọ́ jù ní gbogbo Amẹ́ríkà, wọ́n sì mú un wọ NBA.

Wàyí o, jẹ́ kí n mú ẹnìkan ṣoṣo kí a tú u wò: Hailey Van Lith. Ọdún mẹ́ta ló lò ní Louisville. Òun ni wọ́n ń gbé bọ́ọ̀lù fún kó jù ú wọlé, nígbà tí ọdún kẹta sì fi máa parí, bíi 20 póìǹtì ló ń jẹ nínú ìdíje kọ̀ọ̀kan. Ní 2023 ó lọ sí LSU, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ife-ẹ̀yẹ. Ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un níbẹ̀ yàtọ̀. Wọ́n ní kó máa darí eré, kó máa pín bọ́ọ̀lù fún àwọn tó kù. Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Póìǹtì rẹ̀ já wálẹ̀ sí bíi 12. Nínú ìdíje tó lé LSU lọ sílé ní 2024, òun ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ Caitlin Clark ti Iowa, Clark sì jẹ póìǹtì 41. Lẹ́yìn ọ̀kan nínú àwọn tí Clark jù wọlé láti ọ̀nà jíjìn, Van Lith kàn gbé èjìká sókè pé kí lòun fẹ́ ṣe. Ìwọ náà ti wo fídíò yẹn, gbogbo ayé ló fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

Ibi tó lọ lẹ́yìn náà ni TCU. Ní oṣù Kìíní 2024, oṣù díẹ̀ kó tó débẹ̀, àwọn tó fara pa nínú ẹgbẹ́ TCU pọ̀ débi pé wọ́n fi ìdíje méjì sílẹ̀ láìgbá, wọ́n sì ké sí akẹ́kọ̀ọ́ yòówù tó bá mọ básíkẹ́ẹ̀tì gbá kó wá dán ara rẹ̀ wò. Irú ẹgbẹ́ tó lọ bá nìyẹn. Ṣùgbọ́n kóòṣì wọn dá bọ́ọ̀lù padà sí i lọ́wọ́, ó ní kó máa ṣe bó ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fi í ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní líìgì Big 12, TCU dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tí wọ́n ti dá a sílẹ̀, Chicago Sky sì mú un ní ipò 11 nígbà tí WNBA ń yan àwọn tuntun ní 2025. Ọmọbìnrin kan náà ni, ọwọ́ kan náà ló fi ń ju bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ ló yí padà.

O tún lè wo àwọn D'Tigress wa, ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì obìnrin Nàìjíríà. Àwọn tó lọ sí Paris ní 2024, tí wọ́n jẹ́ ẹgbẹ́ básíkẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ láti Áfíríkà, lọ́kùnrin lóbìnrin, tó wọ ìpele ẹgbẹ́ mẹ́jọ tó kẹ́yìn ní Òlíḿpíìkì, ó pọ̀ nínú wọn tó ti pààrọ̀ ilé-ìwé rí. Elizabeth Balogun gbá fún Georgia Tech, Louisville àti Duke. Lauren Ebo gbá fún Penn State, Texas àti Notre Dame. Tomi Taiwo lo ọdún mẹ́rin ní Iowa, àárín àwọn tó ń ti bẹ́ǹṣì wọlé ló sì wà. Ní 2022 ó lọ sí TCU, ìyẹn kí TCU tó di ohun tí ẹnikẹ́ni ń wò. Lọ́dún yẹn, wọ́n ń na TCU ju bí TCU ṣe ń na ènìyàn lọ, Iowa tó fi sílẹ̀ sì lọ dé àṣekágbá. Ẹni tó bá fi ife-ẹ̀yẹ wọ̀n ọ́n á ní ó ṣìnà. Ṣùgbọ́n ó rí ààyè gbá bọ́ọ̀lù, nígbà tí wọ́n sì ń ka orúkọ àwọn tó ń lọ sí Paris, orúkọ tirẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwọn tí tẹlifíṣọ̀n ń fi hàn nìyẹn. Àwọn tí kì í fi hàn ni àwọn tó fi orúkọ sílẹ̀ tí fóònù wọn kò dún. Bí o bá ti fi orúkọ sínú portal, òfin gba ilé-ìwé tí o wà láyè láti gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ rẹ padà lópin sáà. Bó bá wù wọ́n, wọ́n lè gbà ọ́ padà. Bí kò bá wù wọ́n, o ò lè fi agbára mú wọn. Ọmọ Amẹ́ríkà tí èyí bá ṣẹlẹ̀ sí á padà sílé ìyá rẹ̀. Ìwọ, físà F-1 ló gbé ọ wọlé, ilé ìyá rẹ sì jìnnà.

Nítorí náà, lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè nílé-ìwé rẹ kí o tó bá kóòṣì kankan sọ̀rọ̀. Kó ṣàlàyé fún ọ bí wọn yóò ṣe gbé àkọsílẹ̀ rẹ nínú SEVIS, ètò tí ìjọba fi ń tọ́pa akẹ́kọ̀ọ́ ilẹ̀ òkèèrè, lọ sí ilé-ìwé tuntun, àti ìgbà tí ìwé I-20 tuntun tí físà rẹ dúró lé gbọ́dọ̀ jáde. Má jẹ́ kí ọjọ́ kan ṣoṣo bọ́ sáàárín.

Ọ̀rọ̀ ìwé ńkọ́? NCAA ní ẹni tó bá ń wọ ọdún kẹta gbọ́dọ̀ ti ṣe ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún iṣẹ́ tí yóò fi gba dìgírì rẹ̀. Tó bá di ọdún kẹrin, ìdá 60. Akáúǹtì lò ń kọ́. Ilé-ìwé tuntun lè gba kọ́ọ̀sì rẹ wọlé kó má sì kà á mọ́ dìgírì akáúǹtì, ìgbà yẹn ni wọ́n á ní kí o lọ kọ́ nǹkan mìíràn tó rọrùn kí o ṣáà lè máa gbá bọ́ọ̀lù. Kí wọ́n kọ kọ́ọ̀sì tí wọ́n gbà sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, kí o rí i lójú ìwé.

Ó kan owó. Mo gbọ́ pé wọ́n ti dárúkọ iye kan fún ọ. Òótọ́ ni pé láti oṣù Keje 2025, ilé-ìwé lè san owó fún agbábọ́ọ̀lù tààrà, ilé-ìwé kan sì lè ná tó mílíọ̀nù 20.5 dọ́là lọ́dún àkọ́kọ́ lórí gbogbo eré ìdárayá rẹ̀. Àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà (American football) àti básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ló ń kó èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Fún ìwọ, F-1 gbà ọ́ láyè iṣẹ́ inú ọgbà ilé-ìwé, 20 wákàtí lọ́sẹ̀ nígbà tí ẹ̀kọ́ bá ń lọ. Owó tí ilé-iṣẹ́ ń san láti lo orúkọ àti àwòrán agbábọ́ọ̀lù lè dá wàhálà sílẹ̀. Oscar Tshiebwe, ọmọ Kóńgò tí wọ́n fi ṣe agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní Amẹ́ríkà ní 2022, ìgbà tí Kentucky lọ gbá bọ́ọ̀lù ní Bahamas ló tó ráyè ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé ibẹ̀ kì í ṣe ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Má fọwọ́ sí nǹkankan kí lọ́yà tó mọ òfin físà tó wò ó. Èmi ni n ó san owó lọ́yà.

Ẹni tó ń bá ọ sọ̀rọ̀ lórí WhatsApp yẹn, fura sí i. NCAA kò gbà kí kóòṣì ilé-ìwé mìíràn bá ọ sọ̀rọ̀ nígbà tí orúkọ rẹ kò tíì sí nínú portal, ìbáà rán aṣojú. Ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú rírú òfin lórí rẹ, kí ni yóò dá a dúró láti yẹ àdéhùn tó bá ọ ṣe?

Ìmọ̀ràn mi rèé. Parí sáà yìí, kí o sì jẹ́ kí èsì ìdánwò rẹ dára. Lọ jókòó ti kóòṣì rẹ, kí o bi í lójúkojú pé kí ló rí fún ọ lọ́dún tó ń bọ̀. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń wọ́, èmi fara mọ́ ọn kí o lọ, n ó sì bá bàbá rẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n má lọ sí ilé-ìwé ńlá yẹn nítorí orúkọ rẹ̀. Àwọn mẹ́ta tó ga bíi tìẹ ló wà níbẹ̀, mo ti wò wọ́n, kò sí èyí tó ń kúrò nínú wọn lọ́dún yìí. Wá ibi tí ẹni ipò rẹ ti ń parí ẹ̀kọ́, tí kóòṣì lè sọ fún ọ pé "iṣẹ́ báyìí ni mo fẹ́ kí o ṣe." Bi í pẹ̀lú ẹni tí ẹ ó jọ máa ṣe ìdánrawò. Hakeem Olajuwon tiwa, nígbà tó ti Èkó dé ìlú yìí ní 1980, wọn ò jẹ́ kó gbá bọ́ọ̀lù lọ́dún àkọ́kọ́, ọdún kejì náà kò fi bẹ́ẹ̀ dán mọ́rán. Moses Malone, agbábọ́ọ̀lù NBA tó ń bá a fa á nígbà ẹ̀rùn, ló sọ ọ́ di ẹni tí NBA kọ́kọ́ mú ní 1984.

Kó orúkọ ilé-ìwé mẹ́ta tó bá bá èyí mu ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ pe kóòṣì wọn ní kété tí o bá ti wọ portal. Kí o tó kó orúkọ wọn ránṣẹ́, má fi orúkọ tìrẹ sílẹ̀. Àníkẹ́, mo bẹ̀ ọ́.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ,
Dádì Houston