Bí Àìsàn Bá Dá Wa Dúró ní Ìlú Òkèèrè



Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ìyá kan láti Ìpele lọ bá ọmọ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà láti wẹ ọmọ tuntun. Físà ọdún méjì ni wọ́n fún Màmá. Ní oṣù karùn-ún, ẹsẹ̀ yọ̀ wọ́n nínú balùwẹ̀, egungun ìbàdí wọn ṣẹ́, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn. Ọmọ wọn pè wá láti béèrè nípa oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí Màmá máa ń rà lọ́dọ̀ wa. A dá a lóhùn, a wá bi í pé, “Ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí Màmá kúrò?” Ó ní físà ṣì kù ju ọdún kan lọ, pé ìwé dókítà sì wà lọ́wọ́ òun. A ní kó lọ wo àkọsílẹ̀ ìwọlé Màmá lálẹ́ ọjọ́ náà. Ọjọ́ mẹ́sàn-án péré ló kù.

Alhamdulillaah, wọ́n fi ìwé sílẹ̀ kí ọjọ́ tó pé, Màmá sì padà wálé nígbà tí ara wọn yá. Ṣùgbọ́n ó kù díẹ̀ kó bọ́ sórí. Ẹ jẹ́ kí a kọ́ ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

Físà yàtọ̀ sí ọjọ́ ìgbé

Físà ni a fi ń kan ilẹ̀kùn. Ní Amẹ́ríkà, ọjọ́ tí àlejò gbọ́dọ̀ jáde wà nínú àkọsílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní I-94, a sì lè rí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó bá kọjá ọjọ́ yìí, físà rẹ̀ ti bàjẹ́ nìyẹn. Bó bá kọjá ju ọjọ́ 180 lọ kó tó kúrò, wọ́n lè ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn fún ọdún 3. Bó bá pé ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ọdún 10 ni. Ìyá tó bá kó sínú èyí lè má fojú kan ọmọ-ọmọ rẹ̀ títí ọmọ náà yóò fi dàgbà.

Ìwé dókítà nìkan kò tó

Ọsibítù kì í bá wa sọ fún ìjọba. Àwa fúnra wa ni a ó tọrọ àfikún ọjọ́. Ní Amẹ́ríkà, fọ́ọ̀mù I-539 ni. Wọ́n sì gbà wá níyànjú pé kó wọlé ó kéré tán ọjọ́ 45 ṣáájú. Bó bá wọlé kí ọjọ́ tó pé, a lè dúró de èsì láìjẹ́ arúfin. Kí ìwé dókítà sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, ìtọ́jú tó ń gbà, ìdí tí kò fi lè wọ ọkọ̀ òfurufú, àti ìgbà tó ṣeé ṣe kó lè wọ̀ ọ́. Kí páásípọ́ọ̀tù ṣì lágbára, kí ẹ̀rí owó ìtọ́jú sì wà. Bí àìsàn bá le débi pé ọjọ́ kọjá, ẹ tètè ṣàlàyé. Wọ́n lè gba àwáwí, ṣùgbọ́n kò pọn dandan fún wọn.

Ní Ìlú Ọba, oṣù mẹ́fà ni àlejò sábà máa ń ní. Ẹni tó ń fi owó ara rẹ̀ gba ìtọ́jú lè tọrọ àfikún láti ibẹ̀. Ẹ má sì sá fún owó ọsibítù: gbèsè NHS tó bá tó pọ́n-ún 500 lè mú kí wọ́n kọ ìwé wa lẹ́yìn ọ̀la.

Ní Hajj, ẹ tètè fi tó àwọn aṣojú ìgbìmọ̀ alálàájì Ìpínlẹ̀ Oǹdó àti àwọn dókítà NAHCON létí: orúkọ ọsibítù, nọ́mbà páásípọ́ọ̀tù. Kí aláìsàn má yọ́ jáde ní ọsibítù nítorí àti bá ọkọ̀ òfurufú.

Òfin máa ń yí padà. Ojú ìwé ìjọba orílẹ̀-èdè náà ni kí ẹ wò, kì í ṣe ẹnu àwọn èèyàn.

Kí a má kánjú wọ ọkọ̀ òfurufú

Ìjókòó pípẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀, kó sì gba inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ di POP fún yẹ kó dúró fún wákàtí 48 kó tó rin ìrìnàjò gígùn. Dókítà ni kó sọ pé ó yá.

Kí a tó kúrò ní Ọ̀wọ̀ tàbí Ìfọ́n

1. Ẹ gba ìwé lọ́wọ́ dókítà yín nípa ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ tàbí àìsàn mìíràn.
2. Ẹ kọ orúkọ oògùn gan-an, bí amlodipine, nítorí wọ́n lè má mọ orúkọ tó wà lára páálí tiwa.
3. Ẹ fi oògùn sínú páálí rẹ̀. Tramadol àti codeine lè dá wàhálà sílẹ̀ ní Saudi Arabia.
4. Ẹ ra ìwé adójútòfò ìrìnàjò, kí ẹ sì sọ àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀.
5. Kí ọmọ ilé méjì mọ ọjọ́ tí ẹ gbọ́dọ̀ padà.

Ọlọ́hun ṣe ìrọ̀rùn fún aláìsàn nínú ààwẹ̀ àti ìrun. Òun náà ló pa wá láṣẹ ní ìbẹ̀rẹ̀ Sūratul-Mā'idah pé kí a mú àdéhùn ṣẹ. Àdéhùn ni ọjọ́ tí a gbà ní ẹnubodè. Bí ara kò bá jẹ́ kí a lè mú un ṣẹ, ká sọ ọ́ kí ọjọ́ tó pé.

Ìbéèrè fún ìjíròrò nínú ilé: Ta ni nínú wa ló wà lókè òkun báyìí? Ọjọ́ wo ni yóò padà? Ta ló mọ oògùn tó ń lò?

Kí Ọlọ́hun fún àwọn aláìsàn wa ní àlàáfíà, kó sì mú àwọn arìnrìn-àjò wa délé láyọ̀. Āmīn.