Adelé yàtọ̀ sí olówó òòjọ́

Ní Ṣábẹ, Faransé ni wọ́n fi ń kọ ìwé iṣẹ́ tí nọ́ọ̀sì ń tọwọ́ bọ̀, ìbáà jẹ́ ní ọsibítù ìjọba tí àwa àti àwọn ará Ouèssè jọ ń lò, ìbáà jẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni. Faransé náà ni wọ́n fi kọ àdéhùn àjùmọ̀ṣe tí àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ Benin buwọ́ lù ní ọjọ́ 30 oṣù Kejìlá ọdún 2005. Ṣùgbọ́n tí nọ́ọ̀sì bá délé, Yorùbá ló fi ń ṣàlàyé fún ọkọ àti ìyá rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti ń dàrú. Ẹni tó wá di àyè ìyálọ́mọ mú, ẹni tí wọ́n ń ránṣẹ́ pè nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀, ẹni tó ní ìwé ọdún méjì lọ́wọ́, "òṣìṣẹ́ ìgbà díẹ̀" là ń pe gbogbo wọn. Orúkọ yẹn fẹ̀ jù. Ẹ̀tọ́ wọn ò dọ́gba, Yorùbá sì ní ọ̀rọ̀ tó bá ẹnì kọ̀ọ̀kan mu.

Nọ́ọ̀sì kan lọ bímọ. Òfin iṣẹ́ Benin fún un ní ìsinmi ọ̀sẹ̀ 14. Ẹlòmíràn jókòó sí àyè rẹ̀ títí yóò fi padà. Adelé ni ẹni yẹn, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tó dára tó o. Ní Àkúrẹ́, bí Déjì bá wàjà, ọmọbìnrin rẹ̀ ló máa ń ṣe adelé. Adé ló ń dé, aṣọ ọba ló ń wọ̀, àwọn ìjòyè ń bọ̀wọ̀ fún un bí ọba. Kò sẹ́ni tó jẹ́ sọ pé torí pé kò ní pẹ́ níbẹ̀, kó dé ìlàjì adé. Lọ́jọ́ tí ọba tuntun bá gorí ìtẹ́, adelé á bọ́ sílẹ̀. Àyè náà kì í ṣe tirẹ̀, òótọ́ ni. Àmọ́ níwọ̀n ìgbà tó bá wà níbẹ̀, ohun gbogbo tó so mọ́ àyè náà tọ́ sí i. Ibi tí ILO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ iṣẹ́, náà fẹnu kò sí nìyẹn ní ọdún 1977, nígbà tí wọ́n ṣe Àdéhùn 149 lórí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Ìmọ̀ràn 157 tó bá a rìn sọ pé kí ipò iṣẹ́ nọ́ọ̀sì tí kò ní pẹ́ bá ti ẹni tó wà níbẹ̀ gbére dọ́gba, kí wọ́n sì fi iye àkókò tó ṣe díwọ̀n ohun tó tọ́ sí i.

Ẹnì kejì ni àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní vacataire. Àwọn kan ń pè é ní alágbàṣe, mi ò sì fara mọ́ ọn tán. Lóòótọ́, kí ọkọ́ tó kan ilẹ̀ ni a ti ń ná owó àgbàṣe, ìyẹn bá iṣẹ́ yìí mu. Àmọ́ àgbàṣe a máa tán bí oko bá tán. Aláìsàn kì í tán ní wọ́ọ̀dù. "Agbaṣẹ́ṣe" tún wá burú jù ú lọ, torí ẹni tó ń la títì fún ìjọba ni etí ń gbọ́ níbẹ̀ báyìí. Nọ́ọ̀sì olówó òòjọ́ ló ṣe rẹ́gí: iye òru tó bá ṣe ni wọ́n ń san. Àwọn nọ́ọ̀sì Yorùbá tó wà ní London máa ń sọ pé àwọn "ń ṣe báǹkì", ìyẹn ni pé orúkọ wọn wà nínú ìwé tí ọsibítù ń yẹ̀ wò nígbà tí ènìyàn ò bá tó. Ìyá tó bá gbọ́ ọ ní Ṣábẹ yóò gbà pé ilé ìfowópamọ́ lọmọ òun ti ń ṣiṣẹ́.

Ẹnì kẹta, onígbèdéke ni. Òfin iṣẹ́ ọjọ́ 27 oṣù Kìíní ọdún 1998 ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ọdún méjì lọ, ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n sì lè sọ ọ́ dọ̀tun. Òfin ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún 2017 mú ẹ̀ẹ̀kan yẹn kúrò. Wọ́n lè máa sọ ọ́ dọ̀tun lọ báyìí láìníye. Ènìyàn lè tipa bẹ́ẹ̀ lo ọdún mẹ́wàá lẹ́nu iṣẹ́ tí à ń pè ní "ìgbà díẹ̀". Ó dùn mí pé èdè wa ń bá wọn bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹ má sì pè é ní nọ́ọ̀sì fìdíhẹ. Láti ìgbà ìjọba fìdíhẹ Shonekan ní Nàìjíríà lọ́dún 1993, ohun tí ẹnikẹ́ni lè tì ṣubú ni ọ̀rọ̀ yẹn ń mú wá sọ́kàn.

Ọ̀rọ̀ ìṣe ló tún ń kó bá wa jù. Bí ọjọ́ inú ìwé bá pé, àdéhùn parí ni. Ẹ má sọ pé wọ́n já ìwé gbélé-ẹ lé nọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Bí ọ̀gá bá sì lé e kí ọjọ́ tó pé, ẹ má jẹ́ kó sọ pé "àdéhùn rẹ̀ ti parí", nítorí ẹni tí wọ́n lé lọ́nà àìtọ́ lè béèrè owó gbà-má-bínú. "Wọ́n dá a dúró" kò ṣe é gbára lé rárá: ẹnì kan á gbọ́ pé wọ́n lé e, ẹlòmíràn á gbọ́ pé wọ́n ní kó lọ rọ́kún nílé ná.

Ó ku "tún àdéhùn ṣe". Bí a bá tún un ṣe, a yí nǹkan padà nínú rẹ̀ ni: owó, wákàtí tàbí wọ́ọ̀dù. Bí a bá sọ ọ́ dọ̀tun, ọjọ́ rẹ̀ ló pé tí a fi ọjọ́ mìíràn lé e. Nọ́ọ̀sì tí wọ́n bá ránṣẹ́ pè pé kó wá tọwọ́ bọ̀wé torí pé wọ́n ti "tún un ṣe", kó béèrè èwo nínú méjèèjì ni kó tó fọwọ́ sí i.