Kí Búrẹ́dì Tó Kúrò Nílé: Àyẹ̀wò fún Oúnjẹ Tí Kò Bá Ara Mu

Oúnjẹ tí kò bá ara mu máa ń fi ara hàn nínú ikùn tó ń wú, inú rírun, ìgbẹ́ gbuuru tí kò lọ bọ̀rọ̀, àárẹ̀ ojoojúmọ́, tàbí ọmọ tí kò dàgbà bó ti yẹ. Aràn àti ọgbẹ́ inú náà lè mú irú àmì bẹ́ẹ̀ wá. Àyẹ̀wò ló ń yà wọ́n sọ́tọ̀, àyẹ̀wò náà sì ní ìgbà tirẹ̀.

Gúlúténì ni èròjà tó ń mú kí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò máa fà. Ó wà nínú àlìkámà, ọkà báálì àti ọkà ráì. Búrẹ́dì, sẹmó, índómì, makaróní, ṣinṣín àti àkàrà òyìnbó ló ń gbé e wọlé; ohun mímu mọ́ọ̀tì náà sábà máa ń ní in, nítorí ọkà báálì ni wọ́n sábà máa fi ń ṣe é. Iṣu, gàrí, ẹ̀wà, ìrẹsì, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo àti ọkà bàbà kò ní in.

Nínú àìsàn sílíàkì, bí gúlúténì bá ti dé inú ìfun, agbára tí ara fi ń bá àrùn jà á dojú ìjà kọ ìfun fúnra rẹ̀. Àwọn ẹran wínníwínní bí irun, èyí tí ìfun kékeré fi ń fa oúnjẹ sínú ẹ̀jẹ̀, á wá tẹ́ pẹrẹsẹ. Ẹni náà lè máa jẹun dáadáa síbẹ̀ kó máa rù, kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa dín kù. Ní Yúróòpù, bí ẹnì kan nínú 100 ló ní in, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí.

Willem-Karel Dicke, dókítà ọmọdé ní Netherlands, kíyè sí i nígbà ìyàn ọdún 1944 sí 1945 pé ara àwọn ọmọ tó ní àìsàn yìí yá nígbà tí búrẹ́dì wọ́n, àìsàn náà sì tún burú nígbà tí búrẹ́dì padà dé. Ohun kan náà yìí ló ń ba àyẹ̀wò jẹ́. Ẹni tó bá ti pa búrẹ́dì tì kó tó lọ sílé ìwòsàn, ìfun rẹ̀ á ti máa jinná, ẹ̀rí inú ẹ̀jẹ̀ á ti máa parẹ́, èsì á sì sọ pé kò sí nǹkan kan. Nítorí náà, ó gbọ́dọ̀ máa jẹ gúlúténì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lóòjọ́ fún ọ̀sẹ̀ 6, ó kéré tán, kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ìdílé tó jẹ́ pé iyán àti àmàlà ni oúnjẹ wọn, tí búrẹ́dì kì í wọlé àfi lọ́jọ́ Àìkú, ní láti sọ ọ́ fún dókítà.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ náà ń jẹ́ tTG-IgA; IgA jẹ́ ọ̀kan lára àwọn èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí ara fi ń bá àrùn jà. Wọ́n máa ń wọn gbogbo IgA pẹ̀lú rẹ̀, torí ẹni tí IgA rẹ̀ kò tó lè gba èsì tó ń tanni. Bí èsì bá fi àìsàn hàn, dókítà á ki ọ̀pá tín-ín-rín oníkámẹ́rà gba ẹnu wọ inú ìfun láti mú ẹran díẹ̀ wò.

Ètè tó wú tàbí èémí tó ń há kété lẹ́yìn oúnjẹ yàtọ̀ pátápátá sí àwọn àmì òkè yìí: ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀.

Fún ìdílé Yorùbá, mílíìkì ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Dókítà Olikoye Ransome-Kuti àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe ìwádìí ní Nàìjíríà ní nǹkan bí ọdún 1970, wọ́n sì rí i pé inú ọ̀pọ̀ àgbà Yorùbá kì í lọ ṣúgà inú mílíìkì, nígbà tí ti ọ̀pọ̀ Fúlàní darandaran ń lọ̀ ọ́. Kí inú má lè lọ ṣúgà yìí kì í ṣe àrùn. Àyẹ̀wò èémí ló ń fi í hàn: ẹni náà á gbààwẹ̀ mọ́jú, á mu ṣúgà mílíìkì, á sì máa fẹ́ atẹ́gùn sínú ẹ̀rọ fún wákàtí mélòó kan. Níbi tí ẹ̀rọ kò bá sí, wọ́n lè yọ mílíìkì kúrò fún ọ̀sẹ̀ 2, kí wọ́n sì dá a padà láti wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Wàràkàṣì àti yógọ́ọ̀tì sábà máa ń rọrùn jù ú lọ. Ọmú ìyá kò sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Kò sí ìdí láti já ọmọ lẹ́nu rẹ̀.

Àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ IgG tí wọ́n ń tà, tó ń to oúnjẹ rẹpẹtẹ sílẹ̀ bí èèwọ̀, kò fi ohun tí ara kọ̀ hàn. Ohun tí ẹni náà ti ń jẹ ló ń fi hàn. Owó ńlá ni, ó sì lè mú kí ìyá yọ ẹyin, ẹja àti ẹ̀wà kúrò nínú oúnjẹ ọmọ tó nílò wọn.