Ìwúkàrà Kíkan àti Ìyẹ̀fun Àìjọ̀

Bí dókítà bá ní kí alátọ̀gbẹ kan ní Bàrígà máa jẹ búrẹ́dì tí èèrí ṣì wà nínú ìyẹ̀fun rẹ̀, “oníwíìtì” ni yóò béèrè lọ́wọ́ oníbúrẹ́dì. Ọ̀rọ̀ náà kò tó. Àlìkámà ni wíìtì (ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó gba ọ̀dọ̀ Haúsá wọlé), àlìkámà náà ni wọ́n sì fi ń ṣe Búrẹ́dì Agége funfun. Àwọ̀ pupa lásán lè ti ara ṣúgà jíjó wá. Ìyẹ̀fun àìjọ̀ ni ìperí tó ṣe pàtó.

Ti kíkan ló le. Ìwúkàrà ti wà nínú Bíbélì Yorùbá, nínú Mátíù 13:33: ì-, wú, àkàrà, ohun tí ń mú àkàrà wú. Ṣùgbọ́n ó kó yíìsì inú ike náà mọ́ra. Èyí tí à ń wí níhìn-ín jẹ́ ìyẹ̀fun àti omi tí a pò, tí a fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan títí àwọn kòkòrò àìfojúrí inú rẹ̀ yóò fi mú un kan. Ẹbí àwọn kòkòrò wọ̀nyí ló ń ṣiṣẹ́ nínú omíkan ògì. Ìyá ológì kò ṣàjèjì sí i.

“Àpòkan” kúrú, ó sì dùn ún pè, ṣùgbọ́n ẹlòmíràn lè gbà á sí ohun tí a pò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìwúkàrà kíkan kò ní irú pọ́n-na bẹ́ẹ̀.

Ìbéèrè méjì ló wá kù fún ẹni tó ń ra búrẹ́dì: ṣé wọ́n jọ ìyẹ̀fun náà? Ọjọ́ mélòó ni ìwúkàrà rẹ̀ fi kan? Ẹni tó fi yíìsì ṣe é kò ní í rí ọjọ́ kankan kà.