Fáìlì Ilé Ni Kó Kọ́kọ́ Dáhùn

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń ṣiṣẹ́ ojú-òpó íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ fetí sí mi. Ọ̀pọ̀ yín ló ń fi dátà olówó iyebíye kó gbogbo àwòrán àti àkójọ ìsọfúnni ilé-iṣẹ́ sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ tó lè yí àwọ̀ kan péré padà. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀: fáìlì tí ẹ fẹ́ tún ṣe nìkan ló yẹ kó wà nínú fódà yín, kí ìyókù máa wá láti orí server ilé-iṣẹ́.

1. Ẹ lo server nginx, tí Igor Sysoev gbé jáde lọ́dún 2004. Ìlà kan ni gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà: try_files $uri @ita; Bí fáìlì tí browser béèrè bá wà nínú fódà yín, òun ni nginx máa gbé fún un. Bí kò bá sí níbẹ̀, @ita á fi proxy_pass béèrè lọ́wọ́ server ilé-iṣẹ́ tó wà lóde. localhost:8080 nìkan ni browser rí, nítorí náà wàhálà CORS kò ní yọjú.

2. Ibí yìí ló ti ń mú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ká ní style.css ni ojú ìwé ń béèrè, ṣùgbọ́n Style.css lẹ fi pamọ́. Lórí Linux, orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. nginx á wá a tì nílé, á gba ti àtijọ́ wá láti òde. Ojú ìwé á gún régé, àṣìṣe kankan ò ní hàn, àtúnṣe yín nìkan ni kò ní sí níbẹ̀. Ẹ ó wá máa bá cache jà láìṣẹ̀. Kí ẹ lè tètè mọ̀ ọ́n, ẹ kọ add_header X-Orisun ile; sí apá ti ilé, níbi tí try_files wà, kí ẹ sì kọ add_header X-Orisun ita; sínú @ita. Bí ẹ bá ṣí Network nínú browser, ẹ ó rí ibi tí fáìlì kọ̀ọ̀kan ti wá.

3. Bí server òde bá ń lo https, ẹ fi proxy_ssl_server_name on; kún @ita.

4. Ẹ má darí proxy sí server tí àwọn oníbàárà ń lò. Bọ́tìnnì ìparẹ́ tí ẹ tẹ̀ lórí localhost á pa nǹkan rẹ́ lóòótọ́. Èyí tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ìdánwò ni kẹ́ ẹ lò.

5. Ẹ kọ listen 127.0.0.1:8080; Bí ẹ bá kọ 8080 lásán, ẹnikẹ́ni tẹ́ ẹ jọ wà lórí Wi-Fi kan náà lè gba ọ̀dọ̀ yín wọlé. Ẹni tó bá ti ní irú rẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà, kó yẹ ìlà listen rẹ̀ wò lónìí.