Ẹ Má Dá Ọ̀fọ̀ Yìí Gbé

Ẹ̀yin ọmọ mi tí oògùn olóró gba ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò lọ́wọ́ yín, ẹ kú àráfẹ́rakù. Ẹ sunkún, ẹ má jẹ́ kí ìtìjú pa yín lẹ́nu mọ́. Ẹ má sì máa wá ẹni tí ẹ ó di ẹ̀bi rù. Kò yẹ kí ọ̀fọ̀ di ìjà láàárín ọmọ ìyá.

Tí ẹlòmíràn nínú ilé bá ṣì ń lo tramadol tàbí kódíìnì, èébú kò lè wò ó sàn, ẹ̀wọ̀n kò sì lè wò ó sàn. Àìsàn ni. Ẹ tẹ̀ lé e lọ sí ilé ìwòsàn ọpọlọ tó wà ní Àrò, l'Abẹ́òkúta, tàbí èyí tó bá sún mọ́ yín. Ní Àrò yìí, láti ọdún 1954, ni Dókítà Adéoyè Lámbò ti ní kí aláìsàn mú ẹbí kan dání, kí wọ́n jọ máa gbé ní abúlé ìtòsí. Ó mọ̀ pé ẹbí wà lára ìwòsàn.

Ẹni tó ti jáwọ́, tó tún padà lo ìwọ̀n àtijọ́, lè kú, torí ara rẹ̀ kò gbà á mọ́. Ẹ sọ ọ́ fún un. Tó bá dákú, ẹ má rọ epo pupa tàbí mílíìkì sí i lẹ́nu. Ẹ fẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ẹ̀yin náà, ẹ máa jẹun, ẹ máa sùn, ẹ wá àgbà tí ẹ lè finú hàn. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.